Ta Ni Yóò Jẹ Ìrẹsì Kérésì?

Fìyìnfólúwa jí. Òní ni Kérésì!

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Fìyìn. Oṣù méjì péré ni òun àti Mọ́mì rẹ̀ tíì lò ní Jẹ́dà, ní ilẹ̀ Sáúdí, lọ́dọ̀ Dádì.

Ó wọ aṣọ ọdún. Ó wọ bàtà ọdún. Ó ń retí bánńgà, gbàù! gbàù!

Ìta dákẹ́ rọ́rọ́.

Dádì gbé báàgì. Ó ń lọ síbi iṣẹ́.

Lónìí? Ẹnu ya Fìyìn.

Píìn! Píìn! Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti dé.

Lónìí kẹ̀? Ẹnu ya Fìyìn gan-an. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù lé aṣọ ọdún. Ó wá rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìrọ̀rí.

Ní kíláàsì, ìṣirò ni tíṣà ń kọ sójú pátákó. Fìyìn bi Bushra, tí wọ́n jọ jókòó, bóyá wọ́n ti se ìrẹsì nílé wọn. Bushra ní ìrẹsì wo?

Ẹnu Fìyìn là sílẹ̀. Kò lè pa á dé.

Ṣé gbogbo ìlú ti gbàgbé ni?

Nígbà tó délé, Mọ́mì fà á mọ́ra. Ó ní ará ìlú kò gbàgbé. Iléyá àti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gba ìsinmi fún níbí. Ní ti Kérésì, inú ilé ni òun, Dádì àti Fìyìn yóò ti ṣe é, jẹ́jẹ́, lọ́la ọjọ́ Jímọ̀, tí Dádì kò ní lọ síbi iṣẹ́.

Àmọ́ ìrẹsì ti wà lórí iná. Ó ń ta sánsán.

"Ta la máa gbé e fún?" ni Fìyìn béèrè.

Mọ́mì dín iná kù.

Ní Ìbàdàn, ilé mẹ́sàn-án ni Fìyìn máa ń gbé ìrẹsì ọdún lọ. Bí a bá dá jẹ ẹ́, oúnjẹ lásán ni. Kì í ṣe ọdún.

Àlàájà Fáòsíátù ńkọ́, tó ń gbé lókè wọn? Yorùbá ni. Mọ́mì ní bóyá kò ní fẹ́.

"Àlàájà àdúgbò wa ní Ìbàdàn máa ń jẹ ẹ́," ni Fìyìn wí. "Ó tún máa ń béèrè ẹran sí i."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Ó bu ìrẹsì sínú abọ́.

Fìyìn gun àtẹ̀gùn. Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́. Kó má dànù.

Kò, kò, kò.

Àlàájà ṣílẹ̀kùn. Fìyìn kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, mà."

Àlàájà wo abọ́. Ó wo Fìyìn. Ó jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ṣé inú ń bí yín ni, mà?" ni Fìyìn béèrè.

Àlàájà ní rárá o. Ó ní ní Ìsẹ́yìn, Ìyá Caroline, ará ilé kejì, ló máa ń gbé ìrẹsì Kérésì wá fún òun. Láti ọdún méjìlélógún tí òun ti wà ní Jẹ́dà, kò sẹ́ni tó gbé e wá rí. Òun ti rò pé òun kò ní jẹ ẹ́ mọ́ láyé.

Ó mú ṣíbí. Hàmù! Hàmù! Ó fi ẹran sí Fìyìn lẹ́nu.

Ó fọ abọ́. Ó rọ èso dàbínù kún inú rẹ̀, nítorí a kì í dá abọ́ ọdún padà lófìfo.

"Sọ fún Mọ́mì rẹ," ni Àlàájà wí, "bí Iléyá bá dé, kó má wulẹ̀ dáná o. Èmi ni n óò wá kan ilẹ̀kùn."