Àbùjá Tí Jáfáfá Kò Dá Padà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà láìwo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa ní ilé ìtẹ̀wé ló sọ ọ́ ní Jáfáfá. Kọ̀ǹpútà kan náà la jọ ń lò: òun láàárọ̀, èmi lọ́sàn-án. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan.

Ẹ̀rọ tí a fi ń gé pépà ti ba ìka méjì jẹ́ lọ́wọ́ òsì mi. Àpò ni mo máa ń fi wọ́n pamọ́ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jáfáfá ní:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe ọ̀nà àbùjá fún yín nínú ètò àwòrán. Ẹ ò ní máa tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀ mọ́. Ọ̀kan péré, lápá ọ̀tún: èyí á gé àwòrán, èyí á dà á kọ. Ti ètò lẹ́tà ò yí padà o."

"Ta ló ní kí o ka ìka mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò—"

"A kì í ṣojú oníka mẹ́sàn-án ka ìka. Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Mi ò sì fọwọ́ kan àwọn bọ́tìnnì náà. Máòsì ni mo fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ mi.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. "Baba Ìkùnsínú! Bọ́tìnnì náà ṣẹ̀ ẹ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo tètè dé. Jáfáfá ń tẹ lẹ́tà, ìka rẹ̀ ń fò. Bó ṣe bọ́ sínú ètò àwòrán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ti di àbùjá tèmi.

Ọ̀gá pariwo: "O tún ti gé orí ìyá oníbàárà dànù! Kí ló ń ṣe ọwọ́ ẹ láti oṣù mẹ́ta?"

"Ẹ má bínú, sà."

Nígbà tí ọ̀gá jáde, mo bi í pé, "Kí ló dé tí o ò dá wọn padà?"

"Tí mo bá dá wọn padà, lọ́jọ́ tí inú yín bá rọ̀, kí lẹ máa bá níbẹ̀?"

Jáfáfá tó yára jù wá lọ, ó sọ ara rẹ̀ di arọ nítorí tèmi, ó ń jẹ èébú, kò sì wí nǹkan kan! Mo yọ ọwọ́ mi jáde lápò. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, àwòrán gé ara rẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Olólùfẹ́ mi," ni mo wí. Ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí mo bá a délé wọn láti sọ pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ, bàbá rẹ̀ bi mí pé, "Ìwé mélòó lo kà?"

"Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹrin, sà. Mi ò parí ẹ̀."

Àǹtí rẹ̀ pòṣé. "Ọmọ wa tó kàwé báyìí! Irú èyí la fẹ́ fi fún?"

Jáfáfá dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ̀gbọ́n."

Mi ò dìde. "Bàbá, mo bínú sí ọmọ yín fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó sì dúró dè mí. Tí ẹ bá ní kí n dúró ọdún mẹ́ta, màá dúró."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ títí. "Ọdún mẹ́ta kẹ̀? Èmi tí mo ti dàgbà yìí ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Kó àwọn ẹbí ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àǹtí bínú jáde, kò dágbére fún ẹnì kankan. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo mọ bí ìkùnsínú ṣe ń rí.