Igi Tí Wọ́n Pa ní Tallow Bend

Ìkòkò kẹsàn-án ni Garth ń fọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Thea ìyàwó rẹ̀ rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ọrùn ọwọ́ òun. Ẹ̀yìn àáké ni ọkùnrin náà ń lò. Á gbé ìkòkò kan kúrò lórí pákó, á wo ojú ìyàwó rẹ̀, á sì fi àáké fọ́ ọ túútúú. Àfọ́kù ń ta káàkiri inú ahéré tí Thea ti ń mọ amọ̀, ọ̀kan nínú wọn ló sì ya án lọ́wọ́. Iṣẹ́ oṣù márùn-ún ló ń ṣègbé lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí obìnrin yìí ṣẹ̀ kò ju pé ó ti odò dé ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń retí rẹ̀, tó sì bá ọkọ rẹ̀ àti Coralie, àbúrò Thea tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, lórí ibùsùn òun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló béèrè, pé láti ìgbà wo. Àáké ni Garth fi dá a lóhùn.

"Láti ìgbà tó o ti fi amọ̀ ṣe ọkọ," ni Garth wí. "Amọ̀ lára, amọ̀ nínú irun, amọ̀ nínú oúnjẹ. Ṣé obìnrin nìyẹn?"

"Garth, gbé àáké yẹn sílẹ̀."

"Wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Kò lọ gbà á. Garth fúnra rẹ̀ ló wá bá a, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lójú, ó fi irun wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, ó sì tì í ṣubú sórí àfọ́kù. Coralie ti dúró sí ìta nígbà náà, aṣọ àwọ̀sùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó lójú tì á wá ibi sá sí. Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ẹsẹ̀ lo gbé, o fi tẹ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́ àfọ́kù nílẹ̀!

"Padà sí Sydney," ni Coralie sọ. "Tí wọ́n bá jókòó ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ lọ́la, ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó o lọ."

Thea kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lára ju àfọ́kù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Oṣù méje sẹ́yìn ni Coralie dé pẹ̀lú báàgì kan, ọkọ ti lé e, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó fẹ́ rí i sójú. Thea ló lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó fún un ní yàrá, ó rán aṣọ fún un, ó ń se ọbẹ̀ àgùntàn tó fẹ́ràn fún un lọ́jọ́ Àìkú. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ohun tí Coralie fi san oore yẹn náà lẹ rí yìí.

Thea ì bá ti bínú lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń bínú fi sílẹ̀ ni Tallow Bend jẹ́ fún un. Odindi ọdún méjì ló fi wá a. Nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kọ èéfín Sydney, tí dókítà ní kó lọ síbi tí atẹ́gùn ti mọ́, ó ń wa ọkọ̀ láti ìlú kékeré kan sí èkejì, ó ń jẹun níbẹ̀, ó ń sùn níbẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun lè kú síbẹ̀. Ọ̀kan lẹ́wà ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju kí wọ́n máa ta ilẹ̀. Òmíràn kún fún ayàwòrán tí kò bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó dé Tallow Bend, òjò Fẹ́búárì ń rọ̀, àwọn èèyàn sì ti dá ọkọ̀ dúró lójú pópó kí ejò kan lè kọjá. Ahunṣọ kan wà lára wọn, onígẹ́gẹ́ tó ń kọ ewì wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì wà níbẹ̀, wọ́n sì ń bá ejò náà ṣàwàdà pé kó yára díẹ̀. Thea sunkún nínú ọkọ̀. Ó mọ̀ pé òun ti délé.

Lọ́dọ̀ wa ní Tallow Bend, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan, gbogbo wa la ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa gbé, yóò kọ́kọ́ lo ọdún kan, lẹ́yìn náà ni ìpàdé yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. A kì í gba tọkọtaya pọ̀. Kálukú ni à ń wò lọ́tọ̀. A kì í ka ìbò, a kì í nawọ́. Alága á béèrè pé ta ni kò fẹ́ lágbájá, ẹni tí kò bá fẹ́ á dìde, ẹnì kan ṣoṣo tó bá dìde nínú àwọn tí a ti gbà ti tó láti dá onítọ̀hún padà. Kò sì sí ohun tó ń mú èèyàn dìde kíákíá bí kí wọ́n sọ pé ẹnì kan fi májèlé pa igi. Garth mọ èyí. Ilé tí amọ̀kòkò àtijọ́ kan kú fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ilé pákó tó kọjú sí odò, ojú Garth sì ti wọ ilé náà. Bí wọ́n bá kọ Thea, tí wọ́n gba òun, ilé di ti òun àti Coralie. Ohun tí àwọn ọ̀dàlẹ̀ méjì yìí ti jọ pinnu nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án Àìkú, gbogbo ìlú pé sí gbọ̀ngàn. Nerida ni alága wa, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tó máa ń hun ìbọ̀sẹ̀ nínú ìpàdé. Ojú ọ̀tún Thea ti wú di. Nerida bi í léèrè ohun tó ṣe é, ó ní òun ṣubú. Garth jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí pé bó bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òkú rẹ̀ ni wọ́n máa gbé délé.

Kí Nerida tó la ẹnu béèrè ta ni kò fẹ́ Thea, Coralie ti dìde. Ó wọ aṣọ dúdú bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní ó dun òun púpọ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n òun ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn òun kò jẹ́ kí òun sùn. Ó gbé fọ́tò kalẹ̀: igi ńlá kan tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ihò yí ìdí rẹ̀ ká, májèlé ń ṣàn jáde nínú ihò. Ó gbé ẹ̀rọ tí Thea fi ń lu ihò sí ìdí ìkòkò kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní ìdí igi náà ni òun ti rí i. Ó tún gbé ẹ̀ka igi náà, tí ewé rẹ̀ ti ń rọ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Torí kí oòrùn lè máa tàn sí ibi tó ń sá ìkòkò rẹ̀ sí ló ṣe pa á," ni Coralie wí. "Apànìyàn sàn ju apagi lọ. Èmi dìde. Èmi ò fẹ́ ẹ."

Ọdún méjì tí Thea fi wá ilé, ọdún kan tó fi gbé inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá dà bí omi tó ń jò lọ lójú rẹ̀.

Nerida gbé ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ gba ẹ̀ka igi náà. Ó fọwọ́ ra ewé kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e fún Des, àgbàlagbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Des náà gbóòórùn rẹ̀, ó sín.

"Kàfúrà ni," ni Des wí.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹ̀rín náà ràn dé iwájú.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" ni Coralie bi wọ́n. "Ó pa igi!"

"Ó pa kàfúrà, ọmọ mi," ni Nerida dá a lóhùn. "Fọ́tò yìí, ṣé èyí tó wà létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá nì kọ́? Ìyá gbogbo wọn nìyẹn. Ó ti tó ogún ọdún tá a ti ń wá ẹni tó láyà láti sọ̀ kalẹ̀ lọ pa á."

Ká ní Coralie tàbí Garth ti bá wa lọ síṣẹ́ inú igbó lọ́jọ́ Sátidé kan péré, wọn ì bá ti mọ̀. Kàfúrà kì í ṣe igi ilẹ̀ yìí. Àwọn kan ló gbé e ti òkèèrè wá láyé àtijọ́, ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n ń yàgbẹ́ rẹ̀ káàkiri, ó sì ń fún gbogbo igi ìbílẹ̀ wa lọ́rùn pa. Bí wọ́n ṣe ń lu ihò sí i lára, bí wọ́n ṣe ń rọ májèlé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwa náà ń ṣe é, à ń fi tíì àti kéèkì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Sydney ni Coralie gbé wọ igbó. Igi tó tóbi tó sì tutù, igi ọ̀wọ̀ ni lójú rẹ̀. Kò sì lè bi ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀dàlẹ̀ kì í béèrè ọ̀nà.

Pàtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Thea, ahunṣọ ń fẹnu súfèé, ẹnì kan ń gbá a lẹ́yìn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Thea ì bá dákẹ́, kó gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ìlú sì gbà á. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Mi ò dé ibẹ̀ rí."

Pàtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Nerida wo ojú rẹ̀ tó wú, ó mi orí.

"Ta ló wá ṣe é?" ni Nerida béèrè. "Ẹni náà kó dìde jàre. A fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, owú jíjẹ burú! Láti kékeré, àwòrán Thea ni ìyá wọn ń lẹ̀ mọ́ ògiri, Thea ni tíṣà ń pè síwájú. Odindi ogójì ọdún ni ebi ìyìn ti ń pa Coralie. Ó wá rí gbogbo ìlú tí wọ́n gbé ìyìn dání, tí wọ́n ń wá olúwa rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ òun sì ni. Garth fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó já a gbà.

"Èmi ni," ni Coralie wí. "Ihò mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ méjì ni mo fi lù ú. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó bó!"

Èèyàn méjì tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó ronú.

"O káre," ni Nerida wí jẹ́jẹ́. "Tó bá wá jẹ́ pé ìwọ lo ṣe é, kí ló dé tó o fi sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni?"

Coralie bojú wẹ̀yìn wo Garth.

"Má wo mí o," ni Garth wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"O ò mọ̀ mí rí? Ìwọ tó o ra májèlé? Ìwọ tó o ní bí wọ́n bá ti lé e, ilé di tiwa? Ta ló fọ́ ìkòkò ẹ̀, ta ló fọ́ ojú ẹ̀? Ẹ ṣáà bi í o!"

Àga onírin ni Garth gbé. Ó fi gbá a lẹ́nu, eyín méjì fò bọ́ sílẹ̀ níwájú tábìlì alága. Coralie ṣubú. Garth tún gbé àga náà sókè, orí ló ń wò, ikú ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bọ́ sáàárín wọn ni Thea. Èjìká rẹ̀ ló gba àga náà, gbogbo wa la sì gbọ́ bí egungun ṣe kán. Ìgbà yẹn ni ilé dàrú. Onígẹ́gẹ́ fò mọ́ Garth lọ́rùn, Garth já etí rẹ̀ jẹ. Des fi ọ̀pá gbá a lórúnkún. Bẹ́ńṣì fọ́, fèrèsé fọ́, ẹ̀jẹ̀ ta sára ìbọ̀sẹ̀ tí Nerida ń hun. Èèyàn mẹ́rin ló padà jókòó lé Garth lórí títí àwọn ọlọ́pàá fi dé, ó sì ń ṣépè fún wa láti abẹ́ wọn. Ọdún mẹ́ta ni adájọ́ fi í sẹ́wọ̀n lẹ́yìn náà, mo sì rò pé ó kéré.

Des ti gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà láti gbé àwọn obìnrin méjèèjì lọ sí ọsibítù nígbà tí Nerida lu tábìlì. Ó ní iṣẹ́ kan kù tí kò lè dúró de ọjọ́ mìíràn.

"Thea," ni ó wí. "Ẹni tí kò bá fẹ́ kí Thea máa bá wa gbé, kó dìde."

Gbogbo ìlú ló wà lórí ìdúró nítorí ìjà náà. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn jókòó. Ẹni tí kò rí àga jókòó sórí àfọ́kù pákó, ìyá arúgbó kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, onígẹ́gẹ́ jókòó pẹ̀lú ọwọ́ lórí etí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Thea nìkan ló kù lórí ìdúró, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ tó wú àti èyí tí kò wú.

Ní ọsibítù, nígbà tí wọ́n ti so èjìká rẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì kan mú ìwé wá. Wọ́n fẹ́ ran ẹnu Coralie, wọ́n ń wá ẹbí tó máa fọwọ́ sí i. Coralie kò lè sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí ibùsùn, àtẹ́lẹwọ́ náà ti bó lóòótọ́.

"Kí lẹ jẹ́ sí i?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

Thea wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó rántí ẹsẹ̀ tó tẹ ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ àfọ́kù.

"Ará Tallow Bend ni mí," ni ó wí. "A kàn gbé e wá ni."