Èèkàn Nínú Àbàtà

Orí ìkúnlẹ̀ ni ọkùnrin náà wà nígbà tí Alákàn kọ́kọ́ rí i. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ẹ̀, eruku funfun wà nírùngbọ̀n ẹ̀, ó ń ya àwòrán gbogbo wọ́ọ̀dù sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn káńsù.

"Ẹ rọra o, Káńsẹ́lọ̀," ó ní, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Inú odò lẹ dúró sí yẹn."

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alákàn ò rẹ́rìn-ín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ìyẹn ni wọ́n ṣe fún káńsẹ́lọ̀ obìnrin yìí ní ìnagijẹ yẹn, nítorí kò sí nǹkan tí ara kì í fu ú sí. Ó wo àwòrán náà nílẹ̀, ó rí àbàtà tí bàbá òun ń gbin ẹ̀fọ́ sí, tó pé pérépéré títí kan igi tó wó. Ta ló fi han àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?

Wọ́n ní olùkọ́ ni. Wọ́n ní ó wá kọ́ àwọn káńsẹ́lọ̀ àtàwọn aṣáájú àdúgbò bí wọ́n ṣe máa tún ìlú ṣe, tí ọmọ ọmọ wọn á ṣì bá omi àti ilẹ̀ tó dáa níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn báyìí náà làwọn kan sọ kí ilẹ̀ ìyá bàbá rẹ̀ tó di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹlòmíì. Àbàtà yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù fún bàbá, Alákàn sì ti búra pé kò ní lọ lójú òun.

Ló bá ń ṣọ́ olùkọ́. Iwájú ló máa ń jókòó sí, ìbéèrè tó le ló sì máa ń bi í.

"Káńsẹ́lọ̀ wa, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni?"

"Ẹni tó rán yín ni mo fẹ́ mọ̀."

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, pé kì í mu tíì káwọn àgbà tó mu. Ó ní iṣẹ́ ìṣọ́ lòun ń ṣe. Irọ́ ni, ọkàn rẹ̀ ti ń yọ́, olùkọ́ náà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé ó rí i níwájú.

Àfi bó ṣe rí i lókèèrè láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń kan èèkàn mọ́lẹ̀ nínú àbàtà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ ìyá bàbá rẹ̀ náà nìyẹn. Ó ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Nígbà tí olùkọ́ lọ tán, ó fa gbogbo èèkàn náà tu, ó kó wọn dé gbọ̀ngàn, ó dà wọ́n sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Ajagungbalẹ̀ rèé o!"

Alága káńsù ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ lé e lọ! Ẹ̀kọ́ yìí parí lónìí!" Inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Alákàn wò ó. Ọkùnrin tí kì í kí bàbá òun lójú ọ̀nà, ìgbà wo ló di alágbàwí ẹ̀? Ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú, síbòmíì.

"Alága, ẹ jókòó ná. Olùkọ́, kí lẹ̀ ń fi èèkàn ṣe?"

"Ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá ni mò ń sàmì sí. Àbàtà yẹn ló ń gba omi òjò dúró. Tí wọ́n bá kọ́lé sí i, omi máa ya wọ ilé gbogbo àdúgbò. Alága ní kí n fo ẹ̀kọ́ yẹn, torí àwọn fúnra wọn ti ṣèlérí ilẹ̀ náà fáwọn tó ń kọ́lé tà." Ó kọjú sí Alákàn. "Àmọ́ mo jẹ̀bi. Èmi tí mò ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi onílẹ̀, mi ò bi bàbá yín."

Gbọ̀ngàn dàrú. Kí wọ́n tó túká, àwọn aṣáájú ti nawọ́ sókè pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sínú àbàtà. Alága fi ìbínú dá olùkọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Olùkọ́ lọ bá bàbá nídìí ẹ̀fọ́, ó tọrọ àforíjì.

"Mo ti gbọ́," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àlejò náà. "Kí lo tún wá gbà?"

"Ọmọ yín ni, sà."

"Háà! Ìyẹn le ju ilẹ̀ lọ." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Òun ni kó o lọ bi. Èmi ò lè bá a fèsì."

Alákàn ti ń gbọ́ wọn látẹ̀yìn igi tó wó yẹn. Ó jáde. "Mi ò tíì fọkàn tán ẹ tán o."

"Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi. Ṣé kí n máa lọ ni?"

"Tó o bá lọ, ta ni màá máa ṣọ́?" Omi lé ròrò sójú ẹ̀. "Dúró síbi tí ojú mi ti lè tó ẹ."

Olùkọ́ sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Títí ayé?"

"Títí ayé," ni Alákàn wí, kò sì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.