Àtẹ́lẹ̀ Bàtà Tó Kọ̀ Tí Kò Yọ́

"Wọ́n ní àtẹ́lẹ̀ bàtà yẹn..."

"Èwo? Ti ìyá Dákẹ́jẹ́, tó ń fi èèpo ọsàn ṣe?"

"Òun ni. Ọ̀gá ilé-ìwé ló sọ ọ́. Wọ́n ní ó yọ́ pátápátá... Kí n má parọ́, mi ò sí níbẹ̀ o."

"Ó yọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀? Yéè!"

"Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ."

Lẹ́yìn fèrèsé aránṣọ, níbi tí àwọn obìnrin méjì ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ni Dákẹ́jẹ́ wà, omi tó rù fẹ́rẹ̀ẹ́ dà lé e lára. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí kì í béèrè ohun tí kò yé e. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Àbọ̀ yìí dé inú Dákẹ́jẹ́, ó di odindi lóòótọ́, àmọ́ odindi wàhálà ni.

Orí rẹ̀ dàrú. Ojú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe ń sá èèpo ọsàn àti ṣúkù àgbàdo tí àwọn ará ọjà ń dà nù, tó ń lọ̀ wọ́n kúnná, tó ń fi òróró sè wọ́n títí wọ́n á fi ki, kó tó dà á sínú páànù tó rí bí àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀. Bó bá tutù, ó ń fà bíi rọ́bà gan-an. Dákẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ rìn nínú oòrùn, kò yọ́ rí. Àbí tirẹ̀ nìkan ni kò yọ́? Àbí ọ̀gá ń parọ́ ni? Ọ̀la sì ni ọ̀gá náà ń bọ̀ wá sọ bóyá ìyá rẹ̀ ni yóò máa ṣe bàtà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá rẹ̀ ti jáde lọ kó èèpo, ó ní kí Dákẹ́jẹ́ máa bá òun ṣọ́ ìkòkò tó wà lórí iná. Dákẹ́jẹ́ sáré dé ọ̀dọ̀ fọganáísà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní lẹ́búlẹ́bú táyà tí ẹ ha sílẹ̀ yìí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé àtíkè yín ti tán ni?"

Dákẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gba lẹ́búlẹ́bú náà. Ó délé, ó dà á sínú ìkòkò, ó rò ó pọ̀, kí àtẹ́lẹ̀ náà má baà yọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àtẹ́lẹ̀ tí ìyá rẹ̀ dà láti inú ìkòkò náà dúdú, wọ́n sì le. Ìyá rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò. "Ó jọ pé iná pọ̀ jù lánàá." Dákẹ́jẹ́ mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá iwájú ilé.

Ọ̀gá ilé-ìwé dé pẹ̀lú olùkọ́ méjì. "Ìyá wa, ẹ ṣe bí ẹ ti ṣe níjọ́sí, kí àwọn wọ̀nyí fojú ara wọn rí i."

Ìyá gé àtẹ́lẹ̀ kan wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú ìkòkò gbígbóná. Wọ́n dúró títí, kò yọ́. Ó kàn ń yí kiri nínú òróró bí òkúta ni. Kò pẹ́, èéfín dúdú rú sókè, àwọn olùkọ́ ń wúkọ́. Ìyá tẹjú mọ́ ìkòkò ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ohun tí mo ń sè kì í rùn báyìí!"

Dákẹ́jẹ́ kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni. Mo da lẹ́búlẹ́bú táyà sí i. Wọ́n ní ọ̀gá sọ pé bàtà yín ń yọ́..."

Ọ̀gá yíjú sí i. "Èmi? Ìyá wa, ẹ má bínú. Èéfín làwọn olùkọ́ mi rí, wọn ò rí nǹkan mìíràn. Ó di sáà tó ń bọ̀."

Gbogbo àtẹ́lẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, wọn ò ṣe é yọ́ tún ṣe mọ́. Ìyá jókòó lórí àpótí.

"Ọmọ mi, inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé ọ, lọ bi ẹni tó sọ ọ́, kó o tó fi ọwọ́ ara rẹ tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe."

Dákẹ́jẹ́ kọjú sí ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ gan-an?"

"Mo ní: 'Bàtà tó ti gbó ni ìyá yìí dà padà sínú ìkòkò lójú mi. Ó yọ́ pátápátá, ó sì fi ṣe tuntun. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa wọ̀.'"