Ògiri Yàrá Ìgbẹ̀bí

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Alhaji Sàlàhúdíìnì jókòó síwájú ilé rẹ̀ lábúlé kan tí kò jìnnà sí Ọ̀dẹ̀dá, ó ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ. Òun ni alága wọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí àlééfà. Bó bá wúkọ́ lásán, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ á gbọ́, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ ọ.

Àsmá'ù ọmọ rẹ̀, tíṣà ẹ̀kọ́ ìṣèlú l'Áké, ti wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti bímọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá Nọ́ọ̀sì Beatrice padà. Látìgbà tí ẹ ti lé e ni wọ́n ti ti ilé ìwòsàn wa pa."

"Ẹnu rẹ̀ ló lé e. Mo ní ká lẹ fọ́tò olùdíje wa mọ́ ògiri yàrá ìgbẹ̀bí, ó ní rárá, aláboyún kì í bímọ fún ẹgbẹ́. Ẹni tí à ń bọ́!"

"Owó orí gbogbo wa ló ń bọ́ ọ. Kí tiẹ̀ ni ẹgbẹ́ yín gbàgbọ́?"

Alhaji bu àkàrà jẹ. "Pé ká wọlé."

"Tí ẹ bá wọlé tán ńkọ́?"

"Ká má jáde mọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Àsmá'ù kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń sọ 'bẹ́ẹ̀ ni, alága' ló ń fún yín lágbára, Bàbá. Ẹ ti lé ẹni tó lè sọ rárá. Ó máa dùn yín."

Kó tó di ọ̀sán, ó rọbí. Ó bí ọmọbìnrin sílé láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn abúlé tí wọ́n ti tì pa, wọ́n já ilẹ̀kùn. Fọ́tò olùdíje ń rẹ́rìn-ín lára ògiri. Alhaji tẹ Nọ́ọ̀sì Beatrice láago níbi tó jìnnà tí wọ́n gbé e lọ.

"Kí ìyá rẹ̀ máa fọwọ́ ra ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ ìdodo títí yóò fi le," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Ẹ fi ọmọ sọ́mú. Ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ wá mọ́tò, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá l'Abẹ́òkúta báyìí, ẹ má dúró. Abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró wà nínú fìríìjì, bí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gún bá wà níbẹ̀."

Alhaji ṣí fìríìjì. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ pín níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ló kún inú rẹ̀, wọ́n ti kó abẹ́rẹ́ dànù. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó omi náà síbẹ̀ kí wọ́n tó ti ilé ìwòsàn pa.

"Ta ló lè ṣe nǹkan kan níbí?" ló bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó rọ̀gbà yí i ká.

"Ohun tí ẹ bá ní ká ṣe ni, alága."

Kò mọ ohun tí yóò ní kí wọ́n ṣe. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àsmá'ù kú nínú mọ́tò kí wọ́n tó wọ ìgboro, orí rẹ̀ wà lórí itan bàbá rẹ̀.

Níbi fídáù, ẹgbẹ́ ní àdánù ńlá ló ṣe àwọn. Wọ́n lẹ fọ́tò olùdíje mọ́ ògiri ilé Alhaji. Kùdírátù, ìyá Àsmá'ù, pọn ọmọ ọwọ́ náà, ó wo ọkọ rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní. Alhaji fi ọ̀bẹ ha fọ́tò náà kúrò, ni ẹgbẹ́ bá yan alága mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ilé ìwòsàn ṣì wà ní títì.

Ìwọ tó ń ka èyí, bi ẹgbẹ́ rẹ léèrè ohun tó fẹ́ fi ipò ṣe kó o tó dìbò fún un. Bí wọ́n bá ń lé ẹni tó sọ rárá, má dákẹ́. Lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò rẹ lónìí, kí o ní kí wọ́n ṣí fìríìjì fún ọ.