Ìka Tó Ya Ọ̀lẹ

Bí Kaothar ṣe di máòsì mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ó rò pé ọrùn paramọ́lẹ̀ ló dì mú. Òógùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbé tábìlì lọ. Mùíbì, tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò yunifásítì ní kọ̀ǹpútà l'Àgídìngbì, rí i, ó sì gbàgbé ohun tó ń sọ.

"Arẹwà, rọra, kì í bu ni jẹ." Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. "Ìka tó tẹ̀lé ọmọńdinrín yìí ńkọ́? Kí ló ń ká kò fún?"

"Ọ̀lẹ ni, sà. Tá a bá ń lẹ bàtà níléeṣẹ́ wa, kì í bá àwọn yòókù ṣiṣẹ́."

Mùíbì rẹ́rìn-ín débi pé páànù òrùlé fẹ́ẹ̀ ṣí. Ibẹ̀ ni ọkàn Kaothar ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀rù wà nílẹ̀. Gọ́ọ̀mù bàtà ti jẹ ìka Kaothar dán bíi dígí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka wò lẹ́nu ọ̀nà ìdánwò yunifásítì kò dá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ̀, wọn ò sì jẹ́ kó wọlé. Ṣé ó wá fẹ́ na ọwọ́ òsì sí màmá àgbà tó jókòó ti ẹ̀rọ náà ni? Àrífín! Ẹkún ló sun délé. Bàbá rẹ̀ sì ti búra: "Tí ẹ̀rọ yẹn bá tún kọ̀ ẹ́, o ń padà sílùú wa, Ìjẹ̀bú-Igbó, nìyẹn."

Kí ìlà ìka Kaothar lè padà, ojoojúmọ́ ni Mùíbì ń fi òrí pa ìka náà, bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ tuntun lára.

"Tó bá tún kọ̀ ńkọ́, olólùfẹ́ mi?"

"Màá run ẹ̀rọ náà bí àkàrà."

Ọjọ́ pé. Kaothar tò sórí ìlà lẹ́nu ọ̀nà ìdánwò l'Agége, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ. Àtàǹpàkò ọ̀tún: iná pupa. Èyí tó tẹ̀lé e: pupa. Gbogbo ọwọ́ ọ̀tún, pupa bí ojú ẹbọra.

"Ọmọ mi, kúrò lórí ìlà," màmá àgbà ìjọsí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kaothar kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ nà sí yín."

"Ṣé ẹ̀rọ mọ àrífín ni? Gbé e wá!"

Ó gbé ọ̀lẹ lé ẹ̀rọ, ìka tí gọ́ọ̀mù ò kàn rí. Ó di ojú.

Iná aláwọ̀ ewé tàn.

Nígbà tó jáde, Mùíbì gbá ọwọ́ òsì náà mú lẹ́nu géètì. "Mo ti ríṣẹ́ fún ọ̀lẹ yìí."

"Iṣẹ́ wo?"

"Kó máa gbé òrùka mi. Tó o bá parí yunifásítì."

Ẹ̀rù ba Kaothar ju ti ẹ̀rọ lọ. Síbẹ̀, ìka tí kò nà rí nà gbọọrọ fúnra rẹ̀.