Gílóòbù Tí Kò Léruku

Kọ̀ǹpútà alágbèéká Bàbá Adépọ̀jù kú sínú àgò irin, pẹ̀lú àgádágodo lẹ́nu.

Kò sẹ́ni tó jí i. Ṣéènì tí wọ́n fi de àgò náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kò já. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ti Gbọ̀ngán dé láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, òórùn rọ́bà jíjó ló pàdé rẹ̀ nínú yàrá. Ó tẹ bọ́tìnnì títí. Ẹ̀rọ ò dá a lóhùn. Bàbá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Kì í ṣe ẹkún ẹ̀rọ. Ìwé tó ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀: ìtàn àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú lọ́jà Àpòmù láyé ogun, àti àwọn tó tà wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ta ìyá-ìyá bàbá rẹ̀. Adépọ̀jù ti búra pé òun ò ní kú kí ayé tó mọ ẹni tó tà á. Ikán jẹ èyí tó kọ́kọ́ fọwọ́ kọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ àbúrò rẹ̀ fi fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, tí bàbá sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ìyàwó tuntun, táwọn ará Ìkirè ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìnísípẹ́kítọ̀ Sàlámọ̀tù ni wọ́n rán wá láti àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá yìí ló kọ́ ọ ní ABD. Bó ṣe ń wọlé, Mọ́nsúrù onígbàjámọ̀, tó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé náà, kí i láti ìdí iṣẹ́. Ọkùnrin gíga ni, ó ń tẹ̀ ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Orí oníbàárà ló ń fi kílípà fá. Wáyà kílípà náà so láti òkè àjà, níbi tó yẹ kí gílóòbù wà.

"Ẹ bá wa dárò bàbá o," ni Mọ́nsúrù wí. "Iná yìí ti pọ̀ jù!"

Nígbà tí Sàlámọ̀tù rí ojú ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, inú bí i gidigidi. Ó pinnu pé ẹni tó ṣe é yóò sunkún ju báyìí lọ.

"Bàbá, ṣé ẹ fi í sórí iná lọ ni, sà?"

"Èmi kẹ̀? Iná tiwa, ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà lè gbé mì ni. Mo ra àpótí tó ń dín iná kù. Mo sì máa ń yọ ọ́ kí n tó jáde."

Sàlámọ̀tù tú ìdí àpótí náà. Fíúsì rẹ̀ kò jó. Iná tó jó ẹ̀rọ náà kò gba ibẹ̀ kọjá nìyẹn. Ó fa wáyà kọ̀ǹpútà tó yọ láàárín irin àgò. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti dúdú, wọn ò sì lè wọ ihò onígun mẹ́ta tó wà lára ògiri.

Ó gbójú sókè. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan: tábìlì, ibùsùn, àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Kò sí àmì ẹsẹ̀ lórí àga náà. Ṣùgbọ́n gílóòbù tó so lókè tábìlì ń dán gbinrin.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

"Jemima tó ń bá mi tẹ ìwé. Làtífù oníṣẹ́ iná, kò tíì dá tirẹ̀ padà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Mọ́nsúrù. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Jemima wá. Orí rẹ̀ kò ju èjìká Sàlámọ̀tù lọ.

"Kí ló wà nínú ìwé náà tó lè bí ènìyàn nínú?"

"Orí kẹfà ni, mà. Ibẹ̀ ni orúkọ ìdílé tó ta ìyá-ìyá bàbá wọn wà. Bàbá fúnra wọn ló tẹ ibẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n rí i."

Àpòmù ni Làtífù ń gbé. Gbogbo àdúgbò ti dá a lẹ́bi tán, torí bàbá pè é lólè ní gbangba lọ́dún tó kọjá.

"Ó dùn mọ́ mi nínú pé ó jó!" ló fi pàdé ọlọ́pàá. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

"Bó bá jẹ́ ìwọ, báwo lo ṣe máa ṣe é?"

Làtífù rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ṣé ìyẹn náà le? Màá gé ẹnu wáyà, màá bọ́ ọ, màá kì í bọ ihò ògiri. Ìṣẹ́jú kan."

Sàlámọ̀tù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sí Ìkirè. Ó pe Mọ́nsúrù wọ yàrá bàbá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ gílóòbù yẹn."

Mọ́nsúrù nawọ́. Kò wá àga. Ó yọ ọ́.

"Mo dúpẹ́. Ẹ gbé ohun tí ẹ fi ń gba iná fún kílípà yín wá."

Ọkùnrin náà ò mira. Sàlámọ̀tù fúnra rẹ̀ lọ mú un wá: ike kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́nu gílóòbù, tó ní ihò méjì. Ó ti wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ẹnu ihò náà dúdú bí ẹsẹ̀ wáyà ṣe dúdú.

"Ọwọ́ ẹni tó yọ gílóòbù yìí ló nu eruku rẹ̀. Jemima ò lè tó ibẹ̀ láìgun àga, eruku orí àga ò sì yẹ̀. Oníṣẹ́ iná ò ní í wá gílóòbù lọ. Ẹni tó ń gba iná lójú gílóòbù lójoojúmọ́ ló ṣe é."

Mọ́nsúrù kọjú sí bàbá tó ṣì jókòó sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le.

"Mo fẹ́ gbé e lọ jù sódò ni. Irin yín ò gbà. Mo wá pa á síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń fá yín lórí, ẹ ní kí n ki oríkì ilé wa. Mo kì í tán, ẹ dákẹ́, ẹ ò wò mí lójú mọ́. Mo mọ̀ pé àwa ni. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣègbéyàwó lẹ́yìn ààwẹ̀. Ta ló máa fẹ́ ọmọ ìdílé tó ta ènìyàn lẹ́rú? Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ̀san lára òkú, kí lẹ wá dé ọ̀dọ̀ wa?"

Bàbá Adépọ̀jù dìde. Kò sunkún mọ́.

"Òótọ́ ni, ilé yín ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Túsìdé, kí n tó lọ sí Gbọ̀ngán, mo pa orúkọ yín rẹ́ nínú ìwé náà. Mo sọ fún ara mi pé abẹ tí o ti fi ń fá mi lórí láti ọdún mọ́kànlá kò gé mi rí, èmi náà ò ní fi kálámù gé ọ."

Mọ́nsúrù dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú..."

"Bàbá-ńlá rẹ tà á lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ tún un tà."

Bàbá nawọ́ sí Sàlámọ̀tù, ó tọrọ bébà. Obìnrin náà ya ojú ìwé mẹ́ta fún un nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó fi báírò rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bàbá gbá eruku kúrò lórí àga, ó jókòó.

"Pe orúkọ bàbá-ńlá rẹ fún mi dáadáa," ló wí. "Lẹ́yìn náà, pe tìrẹ. Mi ò fẹ́ ṣì wọ́n kọ."

Sàlámọ̀tù ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó dúró títí bàbá fi kọ orúkọ méjèèjì tán.